Ohùn Ìyá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Èmi fúnra mi ni mo to kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ wa ní Ugbolokposo, lẹ́bàá Warri. Mo ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dè wọ́n pọ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Ìyàwó mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ sórí àga.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe, àmọ́ ìyá mi ló gba ààyè jù nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ṣì wà láàyè ni mo ti ń ya fídíò ìyá mi, tó ń sọ ìtàn ní èdè Ìlàjẹ, nítorí àwọn ọmọ mi ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Pidgin ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ní òun ti kún. Ìyàwó mi ní kí n pa díẹ̀ rẹ́ lára àwọn ìtàn náà. Ìyá mi wà níbẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Mo lọ sí Airport Road, mo ra SSD tuntun, ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, irú èyí tó pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń kì bọ ihò lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà gan-an. Ẹni tó tà á fún mi wò mí lókè wò mí nílẹ̀.

"Oga, you sabi fix am?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́ ni mo mọ̀ ọ́n.

Mo délé, mo yọ iná, mo ṣí àpótí rẹ̀. Mo ki SSD náà bọ ihò, mo fi síkúrù dè é, mo tan iná. Tuntun yọjú lójú kọ̀ǹpútà. Ti àtijọ́, èyí tí gbogbo ìtàn ìyá mi wà nínú rẹ̀, kò yọjú. Mo pa á, mo tún un tàn. Bákan náà ló rí.

Ọmọbìnrin mi dúró lẹ́yìn mi. "Daddy, Grandma don loss?"

"Kò sọnù."

"So where she dey?"

Mo tún tẹ̀ ba wo inú àpótí náà. N kò ní ẹ̀dà ìtàn náà kankan níbòmíràn.

Ìyá mi gbójú sókè láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. "Ọma mi, kí ló sọnù gan-an?"

"Ìtàn yín ni, Màmá. Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Èmi rèé. Bi mí."

Mo gbé fóònù, mo ní kí ó sọ bí òun àti bàbá mi ṣe gba orí omi wá sí Warri. Oníṣòwò aṣọ láti ìhà Ọ̀yọ́ ni bàbá mi. Etíkun ló ti fẹ́ ìyá mi. Mo mọ ìtàn náà dáadáa: ìjì dé, bàbá mi gba àjẹ̀, ó ń wakọ̀, ó ń kọrin títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ìyá mi tún ohùn ṣe. Ó ní ìjì dé. Ó ní bàbá mi dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó fi aṣọ ọjà borí, ó ń bì. Òun lòun gba àjẹ̀, tòun ti oyún mi nínú.

"Màmá, ẹ ti ní bàbá ló wà á."

"Nígbà tí mo sọ ìyẹn, ṣebí ó jókòó tì mí?"

"Na you paddle am? With belle?" ni ọmọ mi bèèrè.

"Èmi ni. Ta ni ì bá wà á?"

Lọ́jọ́ kejì, mo wádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé nǹkan kan kò bàjẹ́. Lórí irú bọ́ọ̀dù tèmi, bí ènìyàn bá ti ki nǹkan bọ ihò tuntun yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ojú ihò tí wáyà ń wọ̀ yóò dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo so ti àtijọ́ mọ́. Mo sún wáyà náà sí ojú mìíràn, gbogbo rẹ̀ sì padà wá.

Bàbá mi jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó jókòó ti ìyá mi, ó ń mi orí bí ìyá mi ṣe ń yìn ín pé ó mọ ọkọ̀ wà. Mo bi ìyá mi bóyá kí n pa èyí rẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe òótọ́.

Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára bàbá mi. "Fi sílẹ̀. Ọkùnrin dáadáa ni. Omi ni kò bá a lára mu."

Mo kó ìtàn méjèèjì sínú SSD tuntun, ààyè sì ṣì kù rẹpẹtẹ. Ìyá mi ní kí n tún gbé fóònù wá, pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ lórí ilé tí gbogbo wa gbà pé bàbá mi ló kọ́.