Abẹ́rẹ́ Tó Ń Dúró De Kọ̀ǹpútà

Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aládùúrà kan ní Aládé ló pè mí pé kọ̀ǹpútà àwọn ń falẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo bá Màmá agbẹ̀bí tó di abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì mú níwájú kọ̀ǹpútà.

Obìnrin kan tó bímọ láàárọ̀ ni ibà gbé dè, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Màmá rántí pé oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Èwo? Ọkọ rẹ̀ wà lóko kòkó lọ́nà Ofosu, fóònù rẹ̀ ò lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ló mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà sì kọ̀, kò ṣí.

"Ọmọ mi, ṣe kíá. Ara ẹ̀ ti gbóná jù."

"Ẹ má tíì gún un o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní kí ẹ̀rọ náà máa fi gbogbo ìbéèrè tó ń bi dátábéèsì, ìyẹn ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, hàn mí. Yéè! Ìbéèrè ń ya wá wìtìwìtì. Ìbéèrè kan náà ni, orúkọ obìnrin nìkan ló ń yàtọ̀: ta ni ọkọ lágbájá, ta ni ọkọ tàmẹ̀dò. Bí ẹni tí wọ́n rán lọ́jà, tó ra iyọ̀ délé, tó tún padà lọ ra ata. Irú ìranù wo nìyí?

Àṣé Màmá máa ń dárúkọ gbogbo aboyún àti ọkọ wọn nínú àdúrà àárọ̀, ló bá ní kí gbogbo wọn wà lójú ìwé àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣí. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé, tó ti bá tirẹ̀ lọ sókè òkun, ní kò burú. Ìlà kan péré ló kọ. Irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di ìbéèrè ló wá ń sáré lọ sáré bọ̀ nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn aboyún ò pọ̀, ta ló máa fura? Mo bú u nínú ọkàn mi, nínú ilé àdúrà o.

Mo pa ojú ìwé yẹn tì, mo bi dátábéèsì fúnra mi nípa obìnrin yìí nìkan. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀: pẹnisílíìnì.

Màmá gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ó fa oògùn mìíràn sínú abẹ́rẹ́ tuntun, ó gún un fún obìnrin náà.

Nígbà tí ibà ń rọlẹ̀, mo tún kóòdù náà ṣe kó máa kó gbogbo ọkọ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ìwé ṣí kíá. Mo pe Màmá kó wá wò ó, kò tiẹ̀ bojú wò ó.

"Mo ti fi òwú nu ibi tí mo fẹ́ gún kó o tó wọlé," ó ní. "Ọkadà tó gbé ẹ wá ni mo gbọ́ níta, ni mo bá ní kí n ṣì dúró ná."