Oògùn Tí Làmídì Kò Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Ọwọ́ ọ̀tún Làmídì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ara rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n kékeré ló ti tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá sí Benin, inú Ọjà Ọba ló sì dàgbà sí, láàárín léèsì àti àǹkárá. Ó lè máa bá oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ kí àlùmọ́gàjí rẹ̀ sì máa la aṣọ lọ geere. Àfi bí ọwọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́jọ́ kan, tó sì kọ̀ láti dúró.

Lákọ̀ọ́kọ́, èrè ni gbígbọ̀n náà mú wá. Obìnrin ará Benin kan ń ná léèsì, ó dá iye tó fẹ́ san, kí Làmídì sì tó fèsì, ọwọ́ ti ń gbọ̀n lójú obìnrin náà. Ó rò pé Làmídì kò gbà ni, ó fi owó kún un. Ọwọ́ kò sinmi, ó tún fi kún un.

“Oga, no vex now. I don add am,” ni obìnrin náà wí.

Làmídì, tí ì bá ti gba ti àkọ́kọ́, ki ọwọ́ bọ àpò, kí ọwọ́ náà má baà ta ọjà ju òun tó ni ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Aṣọ tó ń gé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Imáàmù mọ́ṣáláṣí rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi í bóyá kò sí nǹkan tó ń mu níkọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ ó kù díẹ̀ kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò pàápàá máa pa Làmídì. Ọmọ rẹ̀ Olúrẹ̀mí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ló fà á lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní àìsàn inú ọpọlọ ni, Pakínsìn lorúkọ rẹ̀: èròjà kan tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara ló ń dín kù. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì sọ fún un nípa ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ekenwan Road tó ń wá àwọn tí yóò dán oògùn tuntun wò.

Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé-iṣẹ́ náà wà, aránṣọ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èèyàn ibẹ̀ kò pọ̀, fíríìjì ibẹ̀ ló pọ̀. Oògùn ọpọlọ àti ti àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara ni wọ́n ń wá. Dókítà Gbéminíyì ni ọ̀gá wọn, ọmọbìnrin Oǹdó kúkúrú kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.

“Àlàájì, ẹ ó máa lo oògùn tí wọ́n kọ fún yín ní ọsibítù lọ,” ó ṣàlàyé. “Ní tiwa, àwọn kan yóò gba oògùn tuntun kún un. Àwọn yòókù yóò gba hóró tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ ń lò. Àwa náà kò ní mọ̀.”

“Ta ló wá mọ̀?”

“Kọ̀ǹpútà ni, sà.”

“Kọ̀ǹpútà mọ ohun tí mo gbé mì, èmi tí mo gbé e mì kò mọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Làmídì rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun gbà.

Kò pẹ́ rárá tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ú. Ọwọ́ rọlẹ̀. Ó ń rìn ní ọjà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, kò sì sí ará ìsọ̀ tí kò gbọ́ nípa oògùn Ekenwan. Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ náà jẹ́rìí sí i pé tíì kì í dà sí i láyà mọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì ilé-iṣẹ́ náà ló ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́mi, ará Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ díákónì. Akínfẹ́mi kò rí nǹkan kan tó dáa nínú ọ̀rọ̀ náà.

“Ṣọ́ọ̀kì lásán ni wọ́n ń fún mi,” ló máa ń wí. “Mo mọ ìtọ́wò ṣọ́ọ̀kì.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, díákónì,” Làmídì á dáhùn. “Orí ló ń bá èèyàn yan oògùn.”

Nígbà tí ìdánwò parí, Dókítà ránṣẹ́ pè wọ́n kí oníkálukú lè mọ ohun tó lò. Làmídì ní òun àti Akínfẹ́mi ni yóò jọ wọlé, kí òun lè rí i tù nínú.

Dókítà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. “Bàbá Akínfẹ́mi, ẹ̀yin lẹ lo oògùn tuntun. Àlàájì, òfìfo ni tiyín.”

Akínfẹ́mi wo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó wá rántí pé ó pẹ́ tí ìyàwó òun ti bá òun dè é kẹ́yìn, òun fúnra òun ló ń dè é báyìí.

“Dókítà,” Làmídì wí jẹ́jẹ́, “ẹ bá mi tún kọ̀ǹpútà yẹn ṣe.”

“Kọ̀ǹpútà kò ṣì, sà. Irọ́ kọ́ lẹ̀yin náà sì pa. Ara yín yá lóòótọ́. Ìrètí máa ń mú kí ọpọlọ tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú èròjà tó ń wọ́n lára rẹ̀. A máa ń rí i gan-an nínú àìsàn yìí.” Ó ní àwọn tó lo oògùn tuntun ṣe dáadáa díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kò tó bí àwọn ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ó tó láti máa tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá wù lè gba ojúlówó báyìí.

“Ẹ ṣeun,” ni Làmídì wí. “Èyí tí mo ń lò bọ̀ ni kí ẹ fún mi.”

“Kò sí nǹkan nínú rẹ̀, Àlàájì.”

“Mo gbọ́. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ yẹn ló bá mi lára mu.”

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún un. Làmídì bínú lọ sílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ padà sí ìwà rẹ̀, ojú sì ń tì í láti gba ìsọ̀ àwọn tó ti fọ́nnu fún kọjá. Olúrẹ̀mí sọ gẹ̀ẹ́sì títí, “Daddy, please, take the real one,” kò gbà. Jùmọ̀kẹ́ ló jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

“Bàbá Rẹ̀mí, bí òfìfo bá lè ṣe yín báyẹn, kí lèyí tó ní nǹkan nínú yóò ṣe?”

Làmídì ronú sí i. Ó padà sí Ekenwan.

Ojúlówó náà kò bá a ṣeré. Èébì kọ́kọ́ ń gbé e, àlá sì ń kó o láyà sókè: ó rí i pé òun ń ta léèsì fún ewúrẹ́, àwọn ewúrẹ́ náà sì ń ná ọjà náà gan-an. Dókítà dín in kù fún un, ó sì mọ́ ọn lára. Ọwọ́ kò dákẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu láàárọ̀, àárọ̀ ló sì ń gé aṣọ báyìí.

Akínfẹ́mi ló wá di oníyangàn. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ Kristẹni ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́. Làmídì fi í sílẹ̀. Wọ́n jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ekenwan lọ sí Ring Road lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ fún àyẹ̀wò, àríyànjiyàn ni wọ́n sì máa ń gbé dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oníkẹ̀kẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ọ̀rọ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ òfìfo, ó bojú wẹ̀yìn, ó bi wọ́n pé ta ni ara rẹ̀ kò yá nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn méjèèjì nàka sí ara wọn.