Bí A Ṣe Gba Ojú Kọ̀ǹpútà Sílẹ̀ Kí Ó Tó Lọ sí Ìbàdàn

Àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ ṣì máa ń bi mí pé ètò wo ló dára jù láti fi gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Èsì mi kò yí padà: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò wò ó. Ohun tí mo rí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ń kọ́ni ní yunifásítì, ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti fi ayé sílẹ̀ báyìí.

Òun ló ń darí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ìwé sínú kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé yunifásítì. Linux ló fi síbẹ̀, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sì lè tún inú rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá ilé ìkàwé kò fẹ́ràn ètò náà. Nígbà tí dókítà ní kí ìyàwó mi wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, ọ̀gá náà sọ fún un ní gbangba pé bí iṣẹ́ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun yóò ní kí wọ́n yọ ètò náà dànù, kí gbogbo wọn padà sídìí káàdì tí wọ́n ń fọwọ́ kọ orúkọ ìwé sí. Làálàá ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Àwọn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́: màmá àgbà kan láti Ilare, tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, àti ọkùnrin kan tó ń wá láti Ìpetumodù. Wọ́n mọ ìwé dáadáa. Kọ̀ǹpútà ni wọn kò tíì mọ̀.

"Ẹ bá mi wá nǹkan tí yóò gba iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀," ni ìyàwó mi wí. "Kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n máa ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é."

Èyí tí mo kọ́kọ́ dán wò máa ń ya fọ́tò gbogbo ojú kọ̀ǹpútà léraléra. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ó mú kọ̀ǹpútà wúwo débi pé bí a bá tẹ lẹ́tà kan, a ó dúró dè é, ibi tí a ń kó fáìlì sí sì kún kí a tó kọ orúkọ ìwé kan ṣoṣo parí. Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ aládùúgbò kan ní Òkèrèwè tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó, mo gbé e kọjú sí kọ̀ǹpútà. Nínú fídíò náà, ìlà dúdú kàn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ni. Èyí tí mo wá yàn kò ya fọ́tò rárá. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ àti èsì kọ̀ǹpútà nìkan ló ń gbà sílẹ̀, yóò sì tún un ṣe lójú ẹni bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé mo ti yàn án re.

"Ohùn mi ńkọ́?" ni ìyàwó mi bi mí.

"Kì í gba ohùn."

"Ṣé kí n kàn já wọnú iṣẹ́ lójú màmá láìkí wọn? Dádì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Kí n tó dáhùn, ó ti ń tẹ̀ ẹ́: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàárọ̀ sà. Kọ̀ǹpútà fèsì pé òun kò rí àṣẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ká pa á rẹ́, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, mo yà sí ilé ìkàwé láàárọ̀ kí n tó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Màmá jókòó, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàárọ̀ sà. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Màmá náà mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Mà, ta lẹ ń kí?"

"Bí ìyàwó yín ṣe kọ́ wa náà ni. Ènìyàn gbọ́dọ̀ kí i kí ó tó ṣí."

Ọkùnrin ará Ìpetumodù náà rẹ́rìn-ín. "Ojoojúmọ́ la ń kí i, Dókítà, ojoojúmọ́ ló ń ní òun ò mọ̀ wá. Mo ti ní kí màmá kúnlẹ̀ fún un."

"Ìwọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un," ni màmá dá a lóhùn. "Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́."

Bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ni ọ̀gá ilé ìkàwé wọlé. Ó dárúkọ ìwé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ní kí màmá wá a jáde. Màmá tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì yọ.

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Àwa ni, sà."

Ó dárúkọ òmíràn. Ìyẹn náà yọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì jáde.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ń ráhùn pé kò tíì fẹnu kan oúnjẹ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ di ojú ọgbẹ́ mú.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ojú ọgbẹ́ náà ni. Ẹ ò sì sọ fún wọn pé kò pọn dandan?"

"Mi ò ráyè sọ ọ́."

"Ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀?"

"Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ògì tí wọ́n gbé wá láàárọ̀.

"Ó ti tutù," ni mo wí.

"Ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Mo gbé ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló di ṣíbí mú.