Ibi Tó Hù àti Ibi Tí Kò Hù

Òórùn àdí ni mo fi máa ń mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ti jí. Ẹrù àgbàdo tó ń rù láti abúlé Odomẹ̀ta wá sí ọjà Kétu láti ìgbà ọmọge ló jẹ irun àtàrí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń fi àdí àti ewé gígún pa á. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì hù, ó kún dúdú, àmọ́ àtàrí kò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀, onídìrí ni! Fúnra rẹ̀ ló ń di orí ara rẹ̀, á darí irun yí ibi tó pá ká bí ọ̀nà oko ṣe ń yí àpáta ká. Tí ẹnikẹ́ni bá káàánú rẹ̀, á ní, "Èyí tó hù ni mò ń dì."

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira ni ayàwòrán kan ti Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, wá ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ìjọba. Ó ní kí àwọn obìnrin ṣí gèlè. Wọ́n ń kùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣáájú. Ìyá bá tú tirẹ̀, ó jókòó.

Ojú ti ọkùnrin náà. "Ìyá, ẹ lè wé e padà o."

"Kí ló dé? Ọmọ mi, ya ibi tó hù, má sì fo ibi tí kò hù."

Ni àwọn tó kù bá ń tú gèlè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣé àtàrí ọ̀pọ̀ wọn pá bíi tirẹ̀!

Ìyá wò wọ́n yí ká. "Ẹ wá bá mi nílé lọ́la. Àdí wà. Èyí tó bá hù, a ó dì í."