Ìkọ́kọrẹ́ Tí Ilé Wa Kò Jẹ

Bí ẹ bá wọ agbo ilé wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ fún èlùbọ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Òórùn náà wúwo, ó sì kan díẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí kan hìjáàbù tí a fi ń kírun. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé la ti ń sá iṣu náà títí yóò fi gbẹ kankan. Àgbẹ̀ iṣu ni bàbá mi, àgbẹ̀ iṣu ni bàbá tó bí i. Ọkà, tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní àmàlà, là ń jẹ lọ́sàn-án, òun náà là ń jẹ lálẹ́, a sì gbà pé ẹni tí kò jẹ ọkà kò tíì jẹun. Ewùrà ńkọ́? Etí oko la ń gbìn ín sí, ọ̀lẹ la sì fi ń bú. "Iṣu olómi," ni bàbá mi máa ń wí, yóò sì tutọ́ sílẹ̀.

Ọdún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ìyàwó wálé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ń kó èlùbọ́ lọ sí Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ló ti rí i. Ọmọbìnrin náà kò lè ṣe nǹkan kan láìrẹ́rìn-ín, ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ sì máa ń pa àwa náà lẹ́rìn-ín. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, síbẹ̀ "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nítorí pé ó bá mi nílé ọkọ. Ó sọ mí ní Ìbàdí-àrán. Inú mi dùn sí orúkọ náà débi pé mo ń tẹ̀ lé e kiri bí òjìji.

Nínú oṣù àwẹ̀ ọdún náà, ó bẹ bàbá mi fún ewùrà. Bàbá mi rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó fún un. Ìyàwó wa rin ín, ó fi epo, ata, edé àti ẹja gbígbẹ sè é, kò sì lè tọ́ ọ wò nítorí pé ó gbààwẹ̀. Imú ló fi ń wọn iyọ̀. Nígbà tí ìṣínu tó, ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ tánganran síwájú màámi. "Màámi, ìkọ́kọrẹ́ rèé. Oúnjẹ ilé wa ni." Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúrà fún un. Bó ti wọlé lọ kírun, wọ́n ti abọ́ náà sí mi. "Gbé e fún ewúrẹ́. Tó bá bi ọ́, sọ pé a jẹ ẹ́ tán."

Mo gbé e. Nígbà tó jáde, tó ní, "Ìbàdí-àrán, ṣé ó dùn?" mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó dùn gan-an." Irọ́ mi yẹn ló mú kó sè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, tó ń ránṣẹ́ ra ẹja tó dára jù ní Ṣakí. Ẹnu mi ì bá dá a dúró. Mo bẹ̀rù màámi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí n má tan yín, ó tún wù mí láti wà lára àwọn tó mọ ohun tí ìyàwó wa kò mọ̀.

Nígbà kẹrin, ó wá bu omi àlùwàlá ní ẹ̀yìn ilé, ó bá mi níbẹ̀. Ẹnu ewúrẹ́ ti pọ́n fún epo. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì fi omi kan ẹnu láti òwúrọ̀. Ó wo ewúrẹ́, ó wò mí. Mo ní, "Màámi ló ní kí n..."

"Ẹ gbé abọ́ yẹn wá, Àǹtí," ló wí jẹ́jẹ́, "kí n fọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Àǹtí. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú màámi pé kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ro ọkà. Kó tó di Iléyá, kò sí ìyàwó kan nínú agbo ilé tí ọkà rẹ̀ dán tó tirẹ̀. Wọ́n ní ó ti di ọmọ Òkè-Ògùn. Màámi ń fi í yangàn. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín nídìí ààrò mọ́.

Nígbà tó bí ọmọ kejì, ìyá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá nínú kúlà. Àkọ́bí ìyàwó wa ti pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ìyá àgbà bu díẹ̀ sí i lẹ́nu, ọmọ náà tu ú sílẹ̀. "Oúnjẹ ewúrẹ́ nìyí!"

Ta ló kọ́ ọ? Àwa ni. A ti sọ ọ́ di àwàdà nínú ilé, èmi náà sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ń dúró de àlàyé. Ìyàwó wa fa abọ́ náà mọ́ra, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán tomijé-tomijé níṣojú gbogbo wa.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá màámi níbi tí wọ́n ti ń jọ èlùbọ́. Mo ní ohun tí a ṣe kò dára.

"Ìwọ rò pé èmi kò gbé tèmi wá?" ni wọ́n wí. "Láti ilẹ̀ Ìbàrùbá ni mo ti wọ ilé yìí. Ìyá bàbá yín da tèmi sórí àkìtàn lójú mi. Wọn ò tilẹ̀ fi bò fún mi."

"Oúnjẹ wo ni, Màámi?"

Ọwọ́ wọn dúró lórí ajọ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mo bẹ ìyàwó wa lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ó ti pẹ́, Àǹtí. Ẹ wá jẹun." Ọkà ló gbé kalẹ̀ fún mi.

Màámi ti kú báyìí, n kò sì mọ orúkọ oúnjẹ wọn títí dòní. Bí àlejò bá dé ilé wa, wọ́n á ní ìdílé wa di àṣà mú, pé a kò yà kúrò nídìí oúnjẹ baba wa. Inú ẹ̀gbọ́n mi á dùn. Èmi mọ̀ pé ìyá méjì ló gbé tiwọn mì kí oúnjẹ baba wa tó lè dá dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi da ti ọ̀kan nù.