Nọ́ọ̀sì Méjì Àbọ̀ Tó Kú ní Ìgàndò

Mọ̀dínátù Adéríbigbé, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìgàndò, kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ó dìde láti bu omi fún ìyá ọmọ tuntun kan, ó di ògiri mú, ó ṣubú, kò sì jí mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì péré ni.

Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí àwọn ọmọ mi méjèèjì sí. Nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí, tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu, Mọ̀dínátù ní, "Ẹ ké e síta jàre, a kì í gba owó orí lórí ariwo níbí." Ó wá yíjú sí mi: "Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ má lọ ṣubú lù wá."

Nọ́ọ̀sì méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé èkejì lọ sí ìgboro Èkó ní ọdún 1975, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ni Mọ̀dínátù bá ń ṣe nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́, ọjọ́ méje lọ́sẹ̀. Ó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi ènìyàn ran òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ọ̀gbẹ́ni Simeon Akínbọ́lá, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ètò ìlera, gbé mọ́tò Píjó tuntun dé. Esther, tó ń tọ́jú ilé ìwòsàn náà, wà níbẹ̀. Òun ló sọ fún mi.

Ọ̀gbẹ́ni náà yẹ ìwé iṣẹ́ wò. "Ọgọ́rùn-ún wákàtí ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí lọ́sẹ̀. Ogójì wákàtí ni ti òṣìṣẹ́ kan. Ẹ ní nọ́ọ̀sì méjì àbọ̀."

Mọ̀dínátù, tó gbé ọmọ tuntun kan dání, bojú wẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ẹ bá mi pe àwọn yòókù, kí wọ́n wá gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi."

"Méjì ló tọ́ sí yín, madam. Àbọ̀ yẹn, èrè ni."

"Èmi nìkan ni mo ṣe gbogbo ẹ̀!"

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, ó sì wọ mọ́tò.

Ẹ ò rí i bí? Bí Mọ̀dínátù ṣe ń fi iṣẹ́ pa ara rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí i lórí ìwé. Esther bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ní aago méjì ọ̀sán. Mọ̀dínátù ní, "Ta ló máa sọ fún ọmọ pé kó dúró di ọ̀la?" Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Àbọ̀ mi ló rẹ̀, ó ku méjì."

Èsì lẹ́tà ìrànlọ́wọ́ lo oṣù mẹ́ta. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọ́fíìsì bá wa kẹ́dùn ikú òṣìṣẹ́ kan, wọ́n sì ní kí nọ́ọ̀sì kan àbọ̀ tó kù máa bá iṣẹ́ lọ. Esther kà á sókè fún àwọn aláboyún tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nùrẹ́nì, ọkọ olóògbé, gba ìwé náà, ó wò ó títí, ó ká a sápò.

Epo rọ̀bì ń ṣàn, a ń kọ́ afárá lórí afárá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo péré, a ò rí rán sí Ìgàndò?

A fẹ́ rí ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà ìbánikẹ́dùn yẹn. Kó wá síwájú Nùrẹ́nì, kó ṣe ìṣirò náà lójú rẹ̀. A fẹ́ nọ́ọ̀sì méjì tó ní orí, tó ní ẹsẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, oṣù ti pé fún obìnrin mẹ́fà ní Ìgàndò. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, ta ni kí wọ́n pè?