Ọ̀nà Adágún Kẹta

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Aṣọ ló ń rán.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí títì. Maṣíìnì wà lójú fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fara ti ògiri níbi tó yẹ kí oníbàárà jókòó sí. Oníbàárà tó bá fẹ́ jókòó, kó lọ jókòó nílé ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà pupa. Ojoojúmọ́ ló ń fi àkísà nù ún. Aṣọ oníbàárà lè pẹ́ kó tó jáde. Eruku kì í pẹ́ lára kẹ̀kẹ́.

Òun ni ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nílùú. Ìlú kékeré ni, àmọ́ adágún mẹ́ta ló wà láyìíká rẹ̀. Èkíní wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Èkejì jìnnà díẹ̀, lójú ọ̀nà kan tó nà tàntàn. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn òkè. Àwọn ará ìlú mọ̀ pé ó wà, bí èèyàn ṣe mọ̀ pé bàbá bàbá òun náà ní bàbá. Àwọn àgbẹ̀ kan mọ ibẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Nínú ẹgbẹ́, Abẹ́rẹ́ nìkan ló ti gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin ẹgbẹ́ kò pọ̀. Èyí tó ga jù nínú wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀gá lójú ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ ló ṣe é, lọ́dún tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń tọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lára. Òfin náà lọ́gbọ́n nínú. Bí orúnkún ṣe ń le sí i ni gbogbo ẹgbẹ́ ń rọra rìn sí i, kò sì sẹ́ni tó lè ní ọ̀gá ń falẹ̀, torí kò sẹ́ni tó yá jù ú lọ. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ehoro. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí búrékì láti ilé dé oko. Rọ́bà búrékì rẹ̀ ló máa ń jẹ tán, táyà rẹ̀ kì í jẹ.

Sátidé Sátidé ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á dé adágún kejì, wọ́n á mu tíì lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tà á lábẹ́ igi. Abẹ́rẹ́ á wá gbójú sókè, á ní afẹ́fẹ́ òní kò dáa fún òkè. Wọ́n á yí padà. Ojú ọ̀run lè mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Afẹ́fẹ́ ò tíì dáa rí. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, á máa ròyìn adágún kẹta fún wọn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni adágún yẹn ń fẹ̀ sí i. Ẹja ibẹ̀, tí kò ju apá lọ níbẹ̀rẹ̀, ti di itan.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn fẹ́ kí àlejò máa wá gun kẹ̀kẹ́ yí adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po. Wọ́n á ri pátákó ńlá mọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú, wọ́n á ya ọ̀nà náà sára rẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó là á sábẹ́. Akọ̀wé ìlú, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń fi bíírò há ẹ̀yìn etí, wá bá Abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní ẹni kan ṣoṣo ló lè ya ọ̀nà yìí nílùú, ẹni náà sì ni ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá yọ Abẹ́rẹ́. Kò sọ ọ́. Ó ti ń rí orúkọ ara rẹ̀ lórí pátákó. Ó fẹ́ orúkọ yẹn ju bí ẹni ebi ń pa ṣe ń fẹ́ oúnjẹ lọ.

Ó tẹ́ bébà pẹlẹbẹ sórí tábìlì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹnu ọ̀nà ìlú, ó ya kọ́nà ilé ìwòsàn, ó ya adágún kìíní lápá ọ̀tún, afárá tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà tó nà tàntàn, igi oní-tíì, àti ìdajì adágún kejì lókè. Gbogbo rẹ̀ pé. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì ti dúró.

Ó níbi tí télọ̀ ń gbà. Télọ̀ kì í ya apá méjèèjì aṣọ. Apá kan ló ń yà, á ká bébà sí méjì, á fi àlùmọ́gàjí gé e. Bó bá tú u, apá kejì ti jáde. Abẹ́rẹ́ ká bébà. Ó gé e. Ó tú u. Adágún kẹta yọ lápá òsì, ó rí rogodo bí èkíní, ó ní kọ́nà tirẹ̀, ó ní afárá.

Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, wọlé bá a. Ó wo bébà náà títí.

“Baálé mi, aṣọ ta nìyí?”

“Kì í ṣe aṣọ. Ọ̀nà ni.”

“Ọ̀nà wo ló dọ́gba báyìí? Ibi tí wọ́n á ti orí bọ̀ ọ́ ló kù.”

Abẹ́rẹ́ ní Ọlọ́run tó dá èèyàn fún un lápá méjì tó dọ́gba.

“Mo ti wọn apá yín rí,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Wọn ò dọ́gba.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?”

Abẹ́rẹ́ kọjú sí maṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹsẹ̀ rẹ̀ kíkankíkan. Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ maṣíìnì.

Wọ́n ya ọ̀nà náà sára pátákó bó ṣe wà. Àwọn èèyàn ní ó rẹwà, pé ẹ̀dá ò lè yà á báyìí àfi ẹni tó fojú rí i. Ìgbìmọ̀ dá Sátidé kan, kí ọ̀gá ṣíwájú ẹgbẹ́ yí adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po, kí akọ̀wé bá wọn lọ, kó wá jẹ́rìí.

Lọ́jọ́ náà, Abẹ́rẹ́ mu tíì kọ́ọ̀pù mẹ́ta. Ó gbójú sókè. Akọ̀wé náà gbójú sókè, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, afẹ́fẹ́ dáa. Ìyá oní-tíì tó ti ń kó kọ́ọ̀pù bi wọ́n bóyá ọ̀nà ilé ló sọ nù mọ́ wọn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ó forí lé iwájú.

Tíṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ti da àwòrán pátákó kọ. Ó ń kà á sókè láti ẹ̀yìn: afárá ló kàn, ẹ yà sósì. Kò sí afárá. Odò gan-an ò sí. Abẹ́rẹ́ yà sósì níbi tí afárá ì bá wà, ó sì wọ oko àgbàdo. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewé àgbàdo ń gbá wọn lójú, wọ́n ń tẹ ebè fọ́, kò sẹ́ni tó kọjá ọ̀gá. Òfin ni òfin. Nígbà tí táyà ọ̀gá rì sínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn dúró.

Ìyá àgbà tó ni oko náà jáde sí wọn pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ó kí wọn kú ìrìn. Ó béèrè ta ni wọ́n ń wá. Akọ̀wé ní adágún kẹta ni. Ìyá na ọkọ́ sí òkè tó wà lódìkejì.

“Ẹ ti kẹ̀yìn sí i látàárọ̀.”

Abẹ́rẹ́ jókòó sórí ebè. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìgbà wo lẹ débẹ̀ gbẹ̀yìn?”

Abẹ́rẹ́ wo ojú ọ̀run. Kò rí ìkùukùu kankan níbẹ̀.

“N ò débẹ̀ rí.”

Ẹ̀rù tó bà á ni pé wọ́n á bú u. Wọn ò bú u. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n wá pẹ̀yìn dà, wọ́n ń gbìmọ̀. Akọ̀wé ní òun lòun fọwọ́ sí pátákó yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ dé ìgbìmọ̀. Tíṣà ní òun ti sọ fún gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì òun pé òun ń lọ síbẹ̀. Wọ́n fẹnu kò: àwọn ti débẹ̀. Àmọ́ ẹnu gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Akọ̀wé yọ bíírò lẹ́yìn etí.

“Ọ̀gá, ẹ tún un ròyìn fún wa, ẹ rọra sọ ọ́. Ẹja yẹn, apá ni àbí itan?”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. “Àwọn àlejò ńkọ́? Ṣé inú oko ìyá yìí làwọn náà á máa wọ̀?”

Akọ̀wé ti rò ó. Ó ní ìyẹn ò le. Katakátá kan á la ọ̀nà gba àárín oko kọjá, wọ́n á gbẹ́ ihò omi kan síwájú, wọ́n á fi afárá sí i. Ilẹ̀ á wá bá pátákó mu. Orúkọ ọ̀gá á wà níbẹ̀ títí ayé.

“Oko mi kẹ̀?” ni ìyá wí.

Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń wò. Apá tàbí itan, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kò ju ìyẹn lọ. Abẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ àgbàdo tí òun fi táyà ṣẹ́, àti ìyá tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń gbé wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ṣubú padà.

“Ẹ pa orúkọ mi rẹ́,” ló wí. “N ò mọ ẹja kankan.”

Akọ̀wé ní, ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀. Tíṣà ní, ọ̀gá, ẹ ro ti ẹgbẹ́ mọ́ ọn.

Abẹ́rẹ́ dìde. Ó gbọn ẹrẹ̀ nídìí ṣòkòtò. Ó bi ìyá bóyá kẹ̀kẹ́ lè gba ọ̀nà òkè yẹn. Ìyá ní òun ò mọ ti kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́ ń gbà á. Abẹ́rẹ́ fa táyà rẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ kọjá láàárín wọn, ó sì forí lé ọ̀nà òkè náà.